Ẹ̀jẹ̀ Ṣáájú Wàrà Àkọ́fún

Iwájú ilé wa ni mo ti ń di ìwé, ẹ̀yìn ilé ni ìyàwó mi ti ń sin màlúù. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Bí mo bá ṣí i láàárọ̀, òórùn koríko á wọlé wá bá òórùn gúlúù, òun náà á yọjú, á bi mí bóyá mo ti jẹun, kò sì ní dúró gbọ́ èsì kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Bí a ṣe gbé pọ̀ nìyẹn títí irun àwa méjèèjì fi funfun. Mi ò dá sí iṣẹ́ rẹ̀, òun náà ò dá sí tèmi, àfi tó bá nílò nǹkan lórí tábìlì mi. Ìyẹn, kì í tọrọ kó tó mú un.

Nígbà tó kú, màlúù mẹ́fà ló fi sílẹ̀ fún mi, èmi tí mi ò mọ̀ ju orí àti ìrù lọ lára wọn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló gbà mí. Sísí ni gbogbo ènìyàn ń pè é, orúkọ tí wọ́n fún un nígbà tó wà lọ́mọge, tí kò sì kúrò lára rẹ̀ títí tó fi di ìyá àgbà. Ó wá síbi ìsìnkú pẹ̀lú báàgì kékeré kan. Lọ́jọ́ kejì, ó bá mi níbi tí mo ti ń gbìyànjú láti fún wàrà.

"Bọ̀dá," ó ní, "ọmú lẹ dì mú yẹn, kì í ṣe okùn agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ dìde ńbẹ̀."

Mo dìde. Ó jókòó. Kò sì padà sílé rẹ̀ mọ́. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún gbólóhùn yẹn ju ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìtùnú tí wọ́n bá mi sọ lọ́sẹ̀ náà lọ.

Ọ̀kan wà nínú àwọn màlúù náà tó dúdú, tó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á lára. Adúmáadán ni ìyàwó mi ń pè é, òun ló sì fẹ́ràn jù. Kó tó dùbúlẹ̀ àìsàn tí kò dìde mọ́, ó fà mí lọ sẹ́yìn ilé lọ́jọ́ kan, ó gbé ọwọ́ mi lé ẹ̀gbẹ́ ikùn Adúmáadán, ó ní kí n dákẹ́. Mi ò mọ ohunkóhun tó ń mì lábẹ́ ọwọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó bá ń di ìwé kì í ní sùúrù fún ohun tí wọn kò tíì kọ. Oṣù wo la wà nígbà náà, mi ò lè sọ. Àwọn oṣù ìgbà yẹn ti wọ inú ara wọn lójú mi.

Nígbà tó wà ní ọsibítù, tí mo ń sùn lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, àìsàn kan gba àárín àwọn màlúù kọjá. Ọkùnrin tí mo háyà láti máa tọ́jú wọn wá sọ fún mi pé wọ́n ń wúkọ́, pé itọ́ ń yọ lẹ́nu wọn, pé wọn ò jẹun dáadáa. Lẹ́yìn náà ó ní ara wọn ti yá. Mo ní ó dára. Nígbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún mi pé ilé ń jó, ó dára náà ni mo máa sọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú tí oyún bàjẹ́ lára màlúù méjì, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Sísí ní kì í ṣe ojú lásán, ó ní kí n ránṣẹ́ sí dókítà ẹran.

Ọ̀dọ́bìnrin ni dókítà náà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bàtà rọ́bà rẹ̀ ga dé orúnkún. Ó gba ẹ̀jẹ̀ lára gbogbo wọn, ó lọ, ó sì padà wá pẹ̀lú èsì.

"Bàbá," ó ní, "àìsàn tó kọjá yẹn, gbogbo wọn ló mú, gbogbo wọn náà ló sì ti borí ẹ̀. Ohun tó kù tó ń kọ mí lóminú ni oyún tó wà nínú Adúmáadán."

"Ṣé tiẹ̀ náà máa bàjẹ́ ni?" Sísí bi í.

"Rárá, mà. Ó ti kọjá ibẹ̀. Ọmọ yẹn máa wáyé. Irú ẹ̀ tó máa wáyé ni mi ò mọ̀."

Ó fẹ̀yìn ti ọgbà, ó ń wá bó ṣe máa sọ ọ́. Mo fẹ́ràn bó ṣe ń wá ọ̀rọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ dókítà tí mo bá pàdé lọ́dún náà kò wá a.

"Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ inú dà bí ilé tuntun," ó ní. "Níbẹ̀rẹ̀, ilé náà kò tíì ní olùṣọ́. Bí àjèjì bá wọlé lásìkò yẹn, kò sẹ́ni tó máa bi í pé ta ni ẹ́. Nígbà tí olùṣọ́ bá wá dé, ó ti bá àjèjì lórí àga, ó ń bá ará ilé jẹun. Olùṣọ́ á rò pé ara wọn ni. Kò ní bá a jà láéláé."

"Bíi ti àna ọ̀rẹ́ mi kan," ni Sísí wí. "Ọjọ́ méjì péré ló ní òun fẹ́ lò."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lójú rẹ̀. "Èyí burú ju àna lọ, mà. Á máa bí sí i ni. Ọmọ màlúù bẹ́ẹ̀ á wáyé pẹ̀lú kòkòrò àìsàn nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, nínú itọ́ ẹ̀, nínú ikun imú ẹ̀, títí ọjọ́ ayé ẹ̀. Ó lè má ṣàìsàn lójú yín rárá. Ṣùgbọ́n màlúù yòówù tó bá lóyún tó sún mọ́ ọn wà nínú ewu. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn méjì yẹn lè tún ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó kù, bí wọ́n tiẹ̀ ti borí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

"Tó bá wá jẹ́ pé olùṣọ́ ti wà nílé kí àjèjì tó dé ńkọ́?" mo bi í.

"Á bá a jà, bàbá. Nínú ikùn níbẹ̀. Á lé e síta, ọmọ náà á sì wáyé pẹ̀lú àwọn ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Tí oyún bá ti kọjá ìdajì dáadáa, ọmọ inú máa ń lè ṣe é." Ó yíjú sí mi. "Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ bi yín. Nígbà tí àìsàn yẹn kọjá, oyún Adúmáadán ti tó oṣù mélòó?"

Sísí wò mí. Èmi wo màlúù dúdú náà, tó ń jẹ koríko rẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Akọ màlúù aládùúgbò wa máa ń fo ọgbà wọlé nígbà tó bá wù ú, kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó mi nìkan ló máa ń wo ojú àwọn abo, á sì mọ̀. Kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Orí rẹ̀ ló ń gbé e sí, ó sì ti gbé e lọ.

Dókítà wọ ìbọ̀wọ́ gígùn, ó fi ọwọ́ wo Adúmáadán nínú. Nígbà tó yọ ọ́, ó mi orí. "Mo lè fi oṣù kan ṣìṣe síwájú tàbí sẹ́yìn. Inú oṣù kan yẹn gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà."

"Tó bá wá jẹ́ ti àkọ́kọ́," mo ní, "èyí tó gba àjèjì mọ́ra ńkọ́?"

"A ò ní lè dá a sí, bàbá."

Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́. Mo dúpẹ́ fún ohùn náà, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ náà padà.

Ohun tí mò ń fẹ́ kò pọ̀. Mo fẹ́ kí ọmọ màlúù yẹn yè. Nínú gbogbo ohun tí ìyàwó mi dáwọ́ lé, òun nìkan ló kù tí kò tíì parí. Àwọn aṣọ rẹ̀ ti wà nínú àpótí, àwọn bàtà rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tó nílò wọn. Ohun kan ṣoṣo ló ṣì ń dàgbà níbẹ̀.

Dókítà ṣàlàyé bí a ṣe máa mọ̀. Ó ní ìyá màlúù kì í fi ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ nínú oyún bíi ti àwa ènìyàn. Inú wàrà àkọ́fún ló ń kó wọn sí, wàrà pupa rúsúrúsú tó ki, tó ń jáde kété lẹ́yìn ìbímọ. Bí ọmọ bá ti mu ún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á kún fún ẹ̀ṣọ́ ìyá.

"Bí wọ́n bá ti dé inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀," ó ní, "mi ò lè mọ ti ìyá yàtọ̀ sí ti ọmọ mọ́. Wọ́n tún lè bo kòkòrò náà mọ́lẹ̀ fún oṣù mélòó kan, mi ò ní rí i. Ẹ ò sì ní ibòmíì tẹ́ ẹ máa fi ọmọ náà sí fún gbogbo oṣù yẹn, nígbà tí àwọn ìyókù bá tún ti lóyún. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ ló máa ṣáájú, wàrà á tẹ̀lé e. Bó bá ti ń rọbí, ẹ pè mí. Ẹ má jẹ́ kó mu títí n ó fi dé."

Sísí ló ní ká bo ọmú Adúmáadán kí ọmọ má baà jí mu. Ó wá sídìí tábìlì mi, ó wo gbogbo aṣọ tí mo fi ń di ìwé, ó mú èyí tó le jù, tí mo fi ń bo ẹ̀yìn ìwé ńláńlá.

"Ẹ bá wa rán an," ó ní.

Bí mo ṣe fi téèpù tí mo fi ń wọn Bíbélì wọn ọmú màlúù nìyẹn. Adúmáadán yíjú wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún yí i padà, bí ẹni pé ó ní kí n máa jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Mo gé e, mo rán an, mo fi okùn mẹ́rin sí i. Nígbà tí a fẹ́ wọ̀ ọ́ fún un, kò gbà.

"Ẹ̀yin ni ẹ wọn ọn bí ìwé," ni Sísí wí. "Ìwé kò ní ọmú, Bọ̀dá. Ẹ fi àyè sílẹ̀."

Mo tú u, mo tún un rán. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó gbà. Sísí wò ó láti ẹ̀yìn, ó wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó wá jókòó lórí garawa, ẹ̀rín ń mì ín.

"Tí ẹ̀gbọ́n mi bá rí yín báyìí," ó ní, "á ní ọkọ òun ti di télọ̀ màlúù."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín tó dé ikùn nínú ilé màlúù yẹn láti ìgbà tó ti lọ, kò sì dà bí ẹ̀ṣẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni Adúmáadán bí. Sísí kan ilẹ̀kùn àárín wa, ó ní, "Ẹ pè é, ẹsẹ̀ ti yọ." Mo pe dókítà. Ohùn ọkùnrin kan ló dáhùn, ó ní kí n dúró ná, òun fẹ́ gbé fóònù náà sí i létí.

"Bàbá, ọwọ́ mi wà nínú màlúù kan báyìí," ni dókítà wí, ó ń mí gúlegúle. "Ìdí ni ọmọ ẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ fi jáde. Mi ò lè fi í sílẹ̀, méjèèjì á kú. Ọ̀nà ibí sì jìn. Á di ọ̀sán."

Nígbà tí mo fi padà sẹ́yìn ilé, ọmọ ti wà lórí koríko gbígbẹ. Abo ni, ó dúdú bí ìyá rẹ̀, ó kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Adúmáadán ń lá a láti orí dé ìrù. Ó dìde, ó ṣubú, ó tún dìde. Ó fi ẹsẹ̀ tí kò tíì ranlẹ̀ rìn lọ sábẹ́ ìyá rẹ̀, ó gbé ẹnu sókè, ó bá aṣọ mi pàdé. Ó fi imú tì í. Ó wá a lápá ọ̀tún, ó wá a lápá òsì. Ó tún padà.

A ń wò ó bẹ́ẹ̀. Oòrùn ń gòkè. Nígbà tó ṣe, kò dìde mọ́ bí ó ti ń dìde tẹ́lẹ̀, ó nà sórí koríko, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ara rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Bọ̀dá, ẹ wò ó."

"Mò ń wò ó."

"Ó ń tutù."

"Dókítà ní—"

"Mo gbọ́ ohun tí dókítà ní. Ọmọ màlúù tí kò bá tètè rí wàrà àkọ́fún, ìdọ̀tí ilẹ̀ lásán lè pa á. Ẹ̀gbọ́n mi kì í jẹ́ kí irun wọn gbẹ kó tó fún wọn. Tó bá kú, ẹ̀jẹ̀ ta lẹ fẹ́ gbà?"

"Tó bá sì mu ún, a ò ní mọ̀. Tí a ò bá mọ̀, wọ́n á ní ká pa á."

"À ń sunkún, à ń ríran, Bọ̀dá. Ẹ jẹ́ kó mu. Tó bá di pé wọ́n máa pa á, kó kú pẹ̀lú wàrà lẹ́nu."

Ó ti kúnlẹ̀ sídìí Adúmáadán, ó ti di okùn aṣọ náà mú. Mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo gbé ọwọ́ mi lé tirẹ̀. A kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ síra wa rí. Mo rí i pé omi ti kún ojú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé òun náà rí tèmi.

"Jẹ́ kí n pè é lẹ́ẹ̀kan sí i," mo ní. "Ẹ̀ẹ̀kan péré. Tí kò bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn, èmi fúnra mi ni n ó tú okùn náà."

Dókítà gbọ́ mi títí. Màlúù ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń kérora lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi. Ó wá ní, "Bàbá, ṣé ẹ ní wàrà àkọ́fún míì nílé? Ti màlúù míì, tí wọ́n fún kí àìsàn yìí tó dé rárá?"

"Báwo ni mo ṣe máa ní i?"

"Àwọn kan máa ń tọ́jú ẹ̀ sínú fírísà, nítorí ọmọ tí ìyá ẹ̀ bá kú. Tó bá jẹ́ ti ṣáájú àìsàn, kò sí ẹ̀ṣọ́ tó ń bá àìsàn yìí jà nínú ẹ̀. Ó máa fún ọmọ náà lókun, ó máa gbèjà ẹ̀ lọ́wọ́ nǹkan míì. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tí mò ń wá, tí mo bá rí i, á jẹ́ pé ọmọ ló ni ín. Kó dá yín lójú o, bàbá. Tó bá jẹ́ ti lẹ́yìn àìsàn lẹ fún un, ó ti parí nìyẹn."

Mo sọ ọ́ fún Sísí. Kí n tó sọ tán, ó ti ń sáré lọ sí ilé ìdáná.

Ìsàlẹ̀ fírísà kún fún ìgò rọ́bà kéékèèké, yìnyín bò wọ́n. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lára wọn. Òwú ló wà lọ́rùn ọ̀kọ̀ọ̀kan: òmíràn funfun, òmíràn búlúù.

"Èwo ni ti ìgbà wo?" mo bi í.

"Mi ò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń so ó. Funfun ni èmi fi so èyí tí mo fún nígbà tí mo dé, mo bá a lórí tábìlì yín." Ó gbé ọwọ́ sókè. "Ìwọ̀nba tí mo mọ̀ nìyẹn, Bọ̀dá."

Mo mú ìgò olówùú búlúù kan, mo fi àtàǹpàkò nu yìnyín kúrò. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n kí ojú mi tó mọ̀ ọ́n. Òwú ìdìwé ni, òwú tí mo ti fi ìda pa. Òwú mi ni.

N kì í ra òwú lọ́pọ̀. Bí ìdì kan bá tán ni mo ń ra òmíràn, àwọ̀ tí mo bá sì bá lọ́jà ni mo ń mú. Búlúù yẹn ni mo fi di ìwé orin fún ṣọ́ọ̀ṣì kan, iṣẹ́ ńlá tí mo parí kí àìsàn ìyàwó mi tó bẹ̀rẹ̀. Mo rántí rẹ̀ dáadáa, nítorí òwú náà kò tó mi. Mo ṣírò rẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kó kù sílẹ̀. Mo bi ìyàwó mi bóyá ó rí ẹni tó ń mú un. Ó wo ilẹ̀, ó ní ó lè jẹ́ eku. Mo ní eku wo ló ń jẹ òwú tí wọ́n fi ìda pa. Ó ní ebi lè máa pa á. Ojú ọ̀nà ọsibítù ni mo ti ra funfun, nígbà tí mo ń bọ̀ wálé láti mú aṣọ fún un.

Búlúù ti tán kí àwọn màlúù tó ṣàìsàn.

"Búlúù ni," mo ní.

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú. Èmi ni mo wá eku yẹn títí."

Sísí mọ ohun tó kù. Ó fi ìgò náà sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kì í ṣe omi gbígbóná, ó ń yí i, ó ń dán an wò lẹ́yìn ọwọ́ bí ìyá ọmọ tuntun. Wàrà náà di ohun tó ń ṣàn, ó pọ́n rúsúrúsú. Ó jókòó sílẹ̀ lórí koríko, ó gbé orí ọmọ náà lé itan, ó ti orí ìgò sí i lẹ́nu. Kò fà á. Sísí fi ìka pa á lọ́fun, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Mu ún, jọ̀ọ́. Mu ún, ọmọ ìyá ẹ. Kì í ṣe ọwọ́ àjèjì." Nígbà tó yá, ó gbé e mì. Ó tún gbé òmíràn mì. Ìrù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Obìnrin tó ti wà nínú ilẹ̀ ló fún ọmọ náà ní oúnjẹ àkọ́kọ́ rẹ̀. Mo bọ́ fìlà mi, mo dúró tì wọ́n.

Ọ̀sán ti rọ̀ kí dókítà tó dé, ẹrẹ̀ dé èjìká rẹ̀. Ó ní ìyá àti ọmọ ti ọ̀hún yè. Ó gba ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn ọmọ tiwa, ó sì ní ká fún òun ní èyí tó ṣẹ́ kù nínú ìgò.

"Mo máa yẹ wàrà náà wò, bàbá. Kì í ṣe pé mi ò gbà yín gbọ́ o."

"Yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọ mi. Èmi náà á fẹ́ mọ̀."

Lẹ́yìn náà ló tó ní ká tú aṣọ náà. Mo tú okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọmọ náà wọ abẹ́ ìyá rẹ̀, ó rí ohun tó ti ń wá láti àárọ̀, àwa mẹ́ta sì ń wò ó títí tó fi yó.

A fi pákó gé igun ilé màlúù kan fún àwọn méjèèjì, kí wọ́n má baà dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyókù títí èsì á fi dé. A kò fún ọmọ náà lórúkọ. Sísí máa ń pè é ní "ìwọ yìí", mo sì mọ ìdí rẹ̀.

Mo padà sídìí ìwé mi, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Mò ń ro ọmọ yẹn. Láwọn ọ̀sẹ̀ tí mo jókòó lórí àga ọsibítù, tí n kò lè ṣe ohunkóhun fún ẹni tí mo fẹ́ràn ju kí n di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó lè jẹ́ pé ẹ̀dá kékeré kan, tí kò tíì rí ìmọ́lẹ̀ rí, ń jà fún ẹ̀mí ara rẹ̀ nínú òkùnkùn lẹ́yìn ilé mi. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó ń wò ó. Tàbí kẹ̀, kó jẹ́ pé kò tíì tó ẹni tó ń jà, kó jẹ́ pé ó ti ṣí ilẹ̀kùn fún ikú, ó sì fà á mọ́ra bí ọmọ ìyá rẹ̀, láìmọ̀. N kò lè bínú sí i bó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń gbàdúrà, àdúrà tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé míṣọ́ọ̀nù, pé ìfẹ́ Tirẹ̀ ni kí a ṣe. Nígbà tí mo bá dé ibẹ̀, ẹnu mi á wúwo.

Dókítà kò pè mí lórí fóònù. Ó wá fúnra rẹ̀. Bàtà lásán ló wọ̀, kì í ṣe ti rọ́bà, nígbà tí mo sì rí i bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó wá túfọ̀, ẹ̀rù bà mí. Mo mú un gba ilẹ̀kùn àárín wọlé. Sísí ń bọ̀ pẹ̀lú garawa wàrà lọ́wọ́, ó dúró gbagidi.

"Mà, ẹ gbé e sílẹ̀ ná," ni dókítà wí.

"Máa sọ ọ́. Ọwọ́ mi ò dùn mí."

"Kò sí kòkòrò àìsàn nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀." Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀ṣọ́ wà ńbẹ̀, bàbá, wọ́n sì pọ̀. Mo yẹ wàrà inú ìgò yẹn wò, kò ní ẹyọ kan nínú irú wọn. Ọmọ yìí ló ni gbogbo wọn. Àjèjì wá, ó bá olùṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti bá a jà, ó sì ti lé e lọ, kó tó wáyé."

Sísí wá gbé garawa sílẹ̀. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú.

"Ẹni tó ti ń jà láti inú ikùn," ó ní. "Kí gbogbo wa tètè kọ́ bí a ṣe máa bọ̀wọ̀ fún un."

Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, bàbá," ó ní. "Ohun tí mo bá nínú ẹ̀jẹ̀ ni mo sọ."

"Ọwọ́ rẹ wà nínú ìṣòro ẹlòmíì," mo ní, "o sì yá mi ní etí rẹ. N kò ní gbàgbé."

Mo lọ mú òòlù mi, mo yọ ìṣó àwọn pákó náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Sísí ní kí n jẹ́ kí òun ràn mí lọ́wọ́, mo ní rárá. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn ṣubú, Adúmáadán kọ́kọ́ jáde, ó lọ tààrà sídìí ibùjẹ bí ẹni tó pẹ́ lájò. Ọmọ rẹ̀ dúró lójú ibi tí pákó wà tẹ́lẹ̀, ó gbóòórùn ilẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó tún gbé e padà.

Ọ̀kan nínú àwọn màlúù tó kù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún, rọra rìn wá pàdé rẹ̀. Ó na ọrùn, ó fi imú kan imú ọmọ náà, wọ́n sì ń fa èémí ara wọn símú bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó sáré láti dí wọn lọ́wọ́.

"Ẹ ṣeun," mo ní.

Dókítà wò mí, Sísí wò mí, n kò sì mọ ẹni tí mò ń sọ ọ́ fún nínú gbogbo wọn.